Kíkorò Tó Mọ Ìwọ̀n Ara Rẹ̀

Mojírádé, mo ti jókòó.
Má bù ú sínú kọ́ọ̀bù oníke.
Gíláàsì ni kó o mú wá, èyí tí ìyá rẹ ń tọ́jú fún àlejò,
fi omi lásán ṣàn án, má fi ọṣẹ kàn án,
nítorí ọṣẹ a máa pa ìfófòó bí òjò ṣe ń pa iná.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ṣa gbàǹja ní Sábó Ṣágámù.
Mo fi eyín mọ èyí tí kòkòrò ti wọ̀,
mo fi imú mọ èyí tó sun inú àpò tútù.
Nítorí náà, ẹnu tí mo gbé wá kì í ṣe ẹnu ẹbí.
Bó bá burú, màá wí.

O ní Jámánì lo ti kọ́ ọ,
ọdún mẹ́ta nínú òtútù,
tó ò ń ṣọ́ ìwúkàrà bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ tí ibà mú.
O padà sí Ìpẹrù,
o gba ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń lẹ táyà lọ́nà Ògèrè,
o to ìkòkò irin mẹ́ta síbẹ̀.
Àwọn aládùúgbò ní epo bẹntiróòlù lò ń sè.

Ó yá, dà á.
Àwọ̀ rẹ̀ nìyí:
kò pọ́n bí epo, kò funfun bí ẹmu,
koríko gbígbẹ tí oòrùn àárọ̀ là kọjá ni.
Mo gbé ìwé ìròyìn sẹ́yìn gíláàsì,
mo ka ìkéde òkú látòkè délẹ̀, lẹ́tà kan kò ṣú.
Ìfófòó jókòó lórí rẹ̀ bíi fìlà tuntun,
kò wó, kò sá.

Mo gbé e símú.
Ta ló ń gé koríko níbí?
Ewé ọsàn tí wọ́n fọwọ́ rún ni mo gbọ́,
ẹ̀yìn rẹ̀, ẹfinrin díẹ̀,
ẹ̀yìn ẹfinrin, búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ààrò.
O ní òdòdó họ́pù ni, àlejò tí kò lè hù ní Rẹ́mọ.
Kò burú. Kòkó náà, àlejò ni nígbà kan.

Mo mu ún.
Dídùn kékeré kan kọ́kọ́ kan iwájú ahọ́n, bí àgbàdo tútù,
kò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí kíkorò fi dé.
Kì í ṣe ti ewúro tí a kò fọ̀,
kì í ṣe ti orógbó tó ń bá ọ̀fun jà.
Kíkorò gbàǹja ni,
tó nu ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé,
tó sì fi itọ́ dídùn sílẹ̀ nígbà tó ń lọ.

Ẹ̀bi wà o.
Ìgò kìn-ín-ní lọ́ wọ́ọ́rọ́, jẹnẹrétọ̀ rẹ ń wúkọ́.
Ìgò kejì ń rùn bí ẹyin díẹ̀ nísàlẹ̀;
o ní yóò lọ bó bá pẹ́ sí i nínú òtútù.
Kí ló wá dé tó o kánjú?
Owó ìgò rẹ kan ra mẹ́ta ti ilé-iṣẹ́ ńlá,
ọmọ Rẹ́mọ sì mọ ìṣirò.

Ìgò kẹta bá ìkókórè ìyá rẹ pàdé lórí tábìlì.
Ata gbéra, bíà fà á jókòó.
Epo lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, bíà fọ̀ ọ́ kúrò.
N kò sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀.

Ìyá ìyá rẹ, tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ lẹ́yìnkùlé yìí,
kò bi wá rí pé ṣé ó dùn.
Igbá ọwọ́ wa ló máa ń wò.

Máàkì méje nínú mẹ́wàá. Kọ ọ́ sílẹ̀.
Ìkẹjọ wà nínú ọ̀sẹ̀ méjì tó o fi du ìkòkò rẹ.
Kí lò ń wò lọ́wọ́ mi?
Gíláàsì?
Ẹn-ẹ́n. Ó ti gbẹ.